Ẹ̀wù Irin Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Àtijọ́ àti Àwọn Tó Ń Rọ Ọ́ Lónìí

 Ọ̀rọ̀ irin ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ irin ní ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ júbà Ògún Lákáayé, Ọṣìn Imọlẹ̀, kí ó tó la ẹnu. Mo júbà, kí ọ̀rọ̀ ó lè já geere lẹ́nu mi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Póláńdì, ní Amẹ́ríkà, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn lókè òkun, àwọn ènìyàn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ oòjọ́ wọn dé, tí wọ́n jẹun alẹ́ tán, tí aládùúgbò wọn sì ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn a bọ́ sínú ahéré kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, wọn a mú òòlù, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin pẹlẹbẹ di ìgbàyà, di àṣíborí, di ìbọ̀wọ́, irú èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin Yúróòpù ń gbé wọ̀ lọ sójú ogun ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, awakọ̀ wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀, ọkùnrin wà, obìnrin sì wà. Kò sí ọba tó bẹ̀ wọ́n lógun, kò sí ọ̀tá tó dó ti ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó oṣù nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó lè pè é ní eré ọmọdé lọ́wọ́ àgbàlagbà. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìmọ̀ tó ti kú, tí ilẹ̀ sì ti jẹ, ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi ọwọ́ ara wọn hú jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá títí nínú ìwé tí wọn kò rí, apá tó lu irin náà àti ẹ̀yìn tó rù ú ló wá jẹ́rìí sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé inú Bíbélì ni a ti kọ́kọ́ pàdé ìhámọ́ra, níbi tí a ti sọ ìtàn Gòláyátì ará Gátì àti àṣíborí idẹ rẹ̀, tí a sì ti sọ ti Dáfídì ọmọ Jésè, ẹni tí Sọ́ọ̀lù ọba gbé ìhámọ́ra ti ara rẹ̀ wọ̀ fún, tó sì bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí pé kò tíì dán an wò rí. Ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wa.

Ní Yúróòpù, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀wù olóruka ni olórí ààbò jagunjagun: òrùka irin kéékèèké, tí a kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ mẹ́rin mìíràn, títí gbogbo wọn yóò fi di ẹ̀wù kan tó ń ká, tó ń nà, tí ojú idà kò sì lè là. Ṣùgbọ́n orí ọ̀kọ̀ àti ọfà a máa rí àyè gbà láàrin òrùka, kùmọ̀ a sì máa fọ́ egungun lábẹ́ ẹ̀wù náà láìya á. Nítorí náà, láti nǹkan bí ọdún 1300 lọ, àwọn alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin pẹlẹbẹ kún un díẹ̀díẹ̀, ní orúnkún, ní ìgbọ̀nwọ́, ní àyà, tó fi jẹ́ pé nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1420, irin ti bo ẹni tó lówó láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìlú Milan ní Ítálì àti ìlú Augsburg ní Jámánì gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lọ. Ìdílé Missaglia ní Milan àti ìdílé Helmschmid ní Augsburg jẹ́ ìran alágbẹ̀dẹ tí àwọn ọba ń ránṣẹ́ sí láti ọ̀nà jíjìn. Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ máa ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn títí, ó kó àwọn alágbẹ̀dẹ láti òkè òkun wá, ó sì dá ilé àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ní Greenwich.

Lábẹ́ irin, aṣọ wà, ẹni tó bá sì fojú tẹ́ńbẹ́lú aṣọ náà kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ lé ara wọn, tí wọ́n sì ń rán pọ̀ ṣinṣin. Louis Kọkànlá, ọba Fáransé, tilẹ̀ fi àṣẹ lélẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí ẹ̀wù aláṣọ wọn ní ìpele 25 tàbí 30, kí awọ àgbọ̀nrín sì wà lókè rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ tiwa níhìn-ín. Àwọn ẹlẹ́ṣin Hausa àti ti Bọ̀rnú ní èyí tí wọ́n ń pè ní lìfídì, aṣọ tí wọ́n ki òwú sí láàrin, tí wọ́n rán ní ìlà-ìlà, tí wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n sì tún ń fi bo ẹṣin wọn. Ẹni tó bá ti dé Kánò lọ́jọ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin ọba bá jáde lásìkò ọdún yóò ti fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí Denham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Bọ̀rnú ní 1823, ẹlẹ́ṣin tó wọ ẹ̀wù olóruka irin gidi ni ó bá lọ́dọ̀ Shehu El-Kanemi tó ń ṣàkóso ibẹ̀. A kò gbọdọ̀ rò pé òyìnbó nìkan ló mọ bí a ti ń dáàbò bo ara. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, gbogbo ìran ènìyàn ló sì mọ èyí.

Nígbà tó yá, ìbọn dé. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìbọn lé ìhámọ́ra kúrò lójú ogun, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ sọ ìgbàyà di nínípọn sí i kí ọta má bàa lu ú, ṣùgbọ́n bí irin àyà ti ń wúwo sí i ni jagunjagun ń bọ́ ti ẹsẹ̀ àti ti apá jù sílẹ̀, títí kò fi ku nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ tí kò sì ní oníbàárà mọ́, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ? Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ wọ̀nyẹn kò kọ ìmọ̀ wọn sínú ìwé tó tó nǹkan. Ojú ni ọmọ iṣẹ́ fi ń wo ọ̀gá rẹ̀, ọwọ́ ni ó sì fi ń gbà á. Nígbà tí ọ̀gá tó kẹ́yìn wọ káà ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá a lọ. Ohun tó kù ni irin tó dákẹ́ sínú ilé ọba àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Níbi tí ìmọ̀ bá sì ti ṣí kúrò, irọ́ ni yóò gba ibùjókòó rẹ̀. Wọ́n ní irin ara àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè gun ẹṣin fúnra wọn, pé ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù ńlá ni wọ́n fi ń fà wọ́n sókè lé gàárì, àti pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, ibẹ̀ ni yóò nà gbalaja sí láìlè dìde títí ọ̀tá yóò fi dé bá a. Sinimá tí Laurence Olivier ṣe ní 1944 nípa Henry Karùn-ún fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ han gbogbo ayé, ayé sì gbà á gbọ́. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí a bá gbé ojúlówó ìhámọ́ra ogun ti nǹkan bí 1450 ka orí òṣùwọ̀n, gbogbo rẹ̀ pátá, àti ti orí àti ti ẹsẹ̀, kì í sábà ju kílógíráàmù 15 sí 25 lọ, èyí tí kò ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kan. Kì í sì í ṣe orí tàbí èjìká nìkan ni ó ń jókòó lé: ó pín káàkiri ara, ẹsẹ̀ ń ru ti ẹsẹ̀, apá ń ru ti apá. Àwọn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún eré ìdíje ọ̀kọ̀ orí ẹṣin ni wọ́n ṣe wọ́n, níbi tí ènìyàn kò ti ní ohun púpọ̀ láti ṣe ju kí ó jókòó gbọnyin lórí ẹṣin kí ó sì na ọ̀kọ̀ rẹ̀ síwájú.

Balógun Fáransé kan wà láyé ọjọ́un, Jean Le Maingre, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Boucicaut, ẹni tí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ní ogun Agincourt ní 1415. Ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé nígbà èwe rẹ̀, òun ti ìhámọ́ra lára a máa fò gun ẹṣin láìfi ẹsẹ̀ kan irin ìgbẹ́sẹ̀lé, a máa ta òkìtì bí ó bá ti bọ́ àṣíborí nìkan, a sì máa fi ọwọ́ gun àkàbà láti abẹ́ lọ sókè. Ẹni tó bá kà á lè rò pé akọ̀wé náà ń kì í ni, bí akéwì ààfin ti ń ki ọba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọ ẹ̀dà ìhámọ́ra gba ìwé náà gbọ́, nítorí pé àwọn náà gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan, Daniel Jaquet, ní kí wọ́n rọ ìhámọ́ra bá ara rẹ̀ mu, ó gbé e wọ̀, ó sì ń ṣe irú ìdárayá Boucicaut níwájú gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí a má ti inú irọ́ kan bọ́ sínú òmíràn. Àwọn kan wà nínú àwọn olólùfẹ́ ìhámọ́ra tó jẹ́ pé, nítorí kí wọ́n lè pa irọ́ àtijọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irin kò ní ìwúwo rárá. Ní 2011, Graham Askew ti Yunifásítì Leeds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ènìyàn tí ìhámọ́ra wíwọ̀ ti mọ́ lára, wọ́n gbé ẹ̀dà rẹ̀ wọ̀ wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn kí wọ́n sì máa sáré lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń wọn èémí wọn. Wọ́n rí i pé agbára tí ìrìn ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó wọ irin ju ìlọ́po méjì ti ẹni tó wọ aṣọ lásán. Irin ẹsẹ̀ ló dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbésẹ̀ ni ènìyàn ń gbé e sókè tó sì ń fì í síwájú. Ìgbàyà náà kò sì jẹ́ kí àyà fẹ̀ dáadáa, tó fi jẹ́ pé èémí kúkúrú, kíákíá-kíákíá, ni wọ́n ń mí. Nígbà tí a bá wá rántí pé inú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí òjò sì ti sọ di ẹrẹ̀, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Fáransé ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ọ̀tá ní Agincourt, a óò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n kí idà tó kan idà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ yìí: ara kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó tú àṣírí ẹni tó ní irin náà wúwo jù, ó sì tú àṣírí ẹni tó ní kò wúwo rárá.

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé, kí ló dé tí wọn kò gbé ojúlówó wọ̀, nígbà tó ṣì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé? Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí olùtọ́jú tí yóò gbà kí ènìyàn máa fi ohun tó ti pé 500 ọdún ta òkìtì. Èkejì, ara ẹnìkan ni wọ́n rọ ìhámọ́ra náà mọ́, ẹni náà sì ti lọ. Bí itan rẹ bá fi díẹ̀ gùn ju ti olówó rẹ̀ lọ, ibi tó yẹ kí irin orúnkún tẹ̀ kò ní bá ibi tí orúnkún tìrẹ ń tẹ̀ mu, yóò sì máa bù ọ́ jẹ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, bí Dáfídì ti sọ, àfi kí ó rọ tirẹ̀ tàbí kí ó wá ẹni tí yóò rọ ọ́ fún un.

Kì í ṣe òní ni irú ìfẹ́ báyìí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ògọ́sì ọdún 1839, ọlọ́lá kan ní Skọ́tíláǹdì, ìyẹn Earl ti Eglinton, pe ayé jọ wá wo ìdíje ọ̀kọ̀ irú ti àtijọ́, oníṣòwò kan ní London tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel Pratt ló sì bá àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá náà wá ìhámọ́ra. Wọ́n ní àwọn òǹwòran tó 100,000, òjò náà kò sì gbẹ́yìn. Pápá di ẹrẹ̀, Marquess ti Londonderry sì la agboòrùn, èyí tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ohun àtijọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ oníṣòwò ni wọ́n ti gba ìhámọ́ra náà, kì í ṣe ọwọ́ òòlù, ìyàtọ̀ àárín wọn àti àwọn ti òde òní sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé àgbẹ̀dẹ wàyí. Ẹ̀wù olóruka ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ariwo, ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo pàápàá lè máa ṣe é lórí ìjókòó. A ó wé wáyà irin mọ́ ọ̀pá roboto kan títí yóò fi ká jọ, a ó gé e sí òrùka kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ẹmú kọ́ ọ̀kan mọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnu òrùka náà kàn kan ara wọn lásán ni, fífà líle kan ni yóò yà á sílẹ̀, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bí àwọn baba ńlá ti ṣe é yóò gbé ẹnu méjèèjì gun ara wọn, yóò lù wọ́n di pẹlẹbẹ, yóò dá ihò tín-ín-rín sí i, yóò ki ìṣó tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, yóò sì fi ẹmú tẹ orí ìṣó náà pa. Ìyẹn ni pé òrùka kan ṣoṣo ti parí. Ẹ̀wù kan tó bo apá tó sì dé itan lè gba òrùka 20,000 sí 30,000. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn àtijọ́ ń dá, tí àwọn ti òde òní sì tún rí lò: wọn a fi òrùka odindi tí kò ní ẹnu ṣe ìlà kan, wọn a fi oníṣó ṣe ìlà kejì, iṣẹ́ ìṣó a sì dín kù sí ìdajì. Mélòó nínú wa ló ní irú sùúrù yìí? Oṣù a máa wọ oṣù lórí ẹ̀wù kan ṣoṣo, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í sì í wo ẹnu àáké.

Ti irin pẹlẹbẹ tún yàtọ̀. Páálí ni a kọ́kọ́ ń gé, tí a ń wọ̀n mọ́ ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, tí a ń tẹ̀ síhìn-ín, tí a ń gé kúrò lọ́hùn-ún, nítorí pé àṣìṣe lórí páálí kò ná ni ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ àwòrán rẹ̀ sórí irin tí kò nípọn ju mìlímítà kan sí méjì lọ, tí a ó sì gé e. Kùkùté igi tí a gbẹ́ kòtò sí lórí ni a ń lò láti fi òòlù lu irin náà láti inú, kí ó lè jìn; bí jíjìn náà bá sì pọ̀, bíi ti àṣíborí, a ó yí i padà, a ó gbé e lé orí irin roboto kan, a ó sì máa lù ú láti ẹ̀yìn, yípo-yípo, kí ó lè máa pa ara rẹ̀ pọ̀ láìtinrín. Bí òòlù bá ti ń bọ̀ lé e lórí ni irin ń le sí i. Bí a kò bá dá a padà sínú iná kí ó pọ́n, kí a sì jẹ́ kí ó tutù jẹ́ẹ́ fúnra rẹ̀, yóò sán mọ́ni lọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohùn òòlù náà a máa yí padà nígbà tí irin bá ti fẹ́ le jù, etí ni àgbà oníṣẹ́ fi ń mọ̀ ọ́ kí ojú tó rí i.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni oríkèé. Ní ìgbọ̀nwọ́, ní orúnkún, ní ìka ọwọ́, irin gbọ́dọ̀ tẹ̀ síbi tí ara ń tẹ̀ sí, kí ó sì kọ̀ láti tẹ̀ síbi tí ara kì í tẹ̀ sí. Ohun tí àwọn àgbà ṣe ni pé wọ́n gé irin náà sí pẹlẹbẹ tóóró-tóóró tó gun ara wọn, wọ́n fi ìṣó so àwọn kan, wọ́n fi awọ so àwọn kan lábẹ́, wọ́n sì dá ihò gbọọrọ fún àwọn ìṣó mìíràn kí wọ́n lè máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú rẹ̀. Bí ihò náà bá fi ìwọ̀nba kékeré kúrú, apá kò ní lè gbé idà kọjá èjìká. Bí ó bá gùn jù, àlàfo yóò ṣí sílẹ̀ níbi tí ẹran ara wà. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán wo ìyẹn lára irin tó dúró sínú dígí. Ẹni tó ti rọ ọ́, tó sì ti bà á jẹ́, tó sì tún un rọ, ló lè sọ fún ni ìdí tí alágbẹ̀dẹ Milan fi gbé ìṣó kan síhìn-ín tí kò gbé e sọ́hùn-ún.

Ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì gba iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ a máa yíjú sí ìlú Visby ní erékùṣù Gotland. Ní 1361, Valdemar ọba Dẹ́ńmákì kọlu erékùṣù náà, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bí ẹni pa nǹkan ọ̀sìn, wọ́n sì sin ọ̀pọ̀ nínú òkú náà sínú kòtò ńlá ti òun ti ìhámọ́ra lára. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú wọn jáde, Bengt Thordeman sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1939, pẹ̀lú àwòrán bí irin kọ̀ọ̀kan ti rí. Irin pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ abẹ́ ẹ̀wù awọ tàbí aṣọ ni, iṣẹ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ló sì ń wọ ẹ̀dà ẹ̀wù àwọn àgbẹ̀ tó kú síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ìtàn wọn. Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń rọ ìhámọ́ra yóò ṣàkíyèsí: nínú ọ̀pọ̀ wọn, iwájú ni irin ti ń nípọn jù, èyí tó wà lẹ́yìn a sì máa tinrín. Àwa tí a gbọ́ ọ láti kékeré pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti lóye.

Wíwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Láti ẹsẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ń gòkè bọ̀. Okùn tó wà lára ẹ̀wù aláṣọ ni a fi ń so irin ẹsẹ̀ àti ti apá rọ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì ń so ó, nítorí pé ẹni tó bá ti wọ irin apá kan kò lè so ìkejì. Àṣíborí ló ń kẹ́yìn. Bí ìbòjú bá ti wálẹ̀, ayé a di ìlà tóóró kan níwájú ojú, ìró èémí ara ẹni nìkan ni ènìyàn ń gbọ́, òógùn a sì máa ṣàn. Òógùn yẹn ni ọ̀tá irin tó burú jù. Bí ilẹ̀ ti wù kí ó ṣú tó, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó, ẹni tó bọ́ ìhámọ́ra gbọ́dọ̀ nù ún kí ó sì fi òróró pa á kí ó tó sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpáta yóò gbà á. Ẹ̀wù olóruka ní tirẹ̀, iyanrìn ni wọ́n ń dà sí i nínú àgbá, tí wọ́n ń yí i kiri títí ìpáta yóò fi bọ́.

Nígbà tí irin bá ti wà lára, ìjà ni ó kù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ kan kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Berkeley ní California, wọ́n wọ aṣọ àtijọ́, wọ́n fi idà àti asà bá ara wọn ta kàǹgbọ̀n. Láti inú àjọyọ̀ kékeré yẹn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Society for Creative Anachronism ti jáde, tó sì ti tàn káàkiri ayé. Pàǹkẹ́rẹ́ tó nípọn ni wọ́n ń fi ṣe idà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wọ ìhámọ́ra irin gidi, nítorí pé pàǹkẹ́rẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ apá. Ohun kan wà nínú òfin wọn tí mo kà sí ìwà ọmọlúàbí pátápátá: kì í ṣe adájọ́ ló ń sọ pé a ti lu ènìyàn pa, ẹni tí a lù fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́wọ́ pé ìlù náà wọlé, yóò sì ṣubú. Irú kejì wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan ti ń fi idà irin tí kò mú kọlu ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n sì ń jà títí gbogbo ẹgbẹ́ kan yóò fi balẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún okun wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí ìṣẹ́gun bá di ohun gbogbo, ìhámọ́ra a máa yípadà láti bá òfin eré mu, kì í tún ṣe ẹ̀dà ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pàdé ara wọn lórí ẹṣin kò pọ̀, nítorí owó ẹṣin, ṣùgbọ́n Tobias Capwell, tó ti jẹ́ olùtọ́jú ohun ìjà ní Wallace Collection ní London, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìwé ńlá tó kọ lórí ìhámọ́ra àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti jókòó sórí gàárì pẹ̀lú irin lára nìkan ló lè kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London, ilé Wallace Collection kò gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá wà ní apá Leeds, bẹ́ẹ̀ náà ni Royal Armouries tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1996. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé ìlú Graz ní Austria yóò rí nǹkan bí 32,000 ohun ìjà àti ìhámọ́ra nínú ilé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, èyí tí èmi yóò rán yín lọ wò ni ìhámọ́ra ìjà ẹsẹ̀ kan tó wà lọ́wọ́ Royal Armouries, tí àwọn alágbẹ̀dẹ Greenwich bẹ̀rẹ̀ sí í rọ fún Henry Kẹjọ nígbà tí òun àti ọba Fáransé fẹ́ pàdé ní 1520. Irin náà bo ọba pátápátá, kò sí àlàfo kan tó gba ọmọ ìka, ní abíyá, ní ìdí, ní ẹ̀yìn orúnkún. Bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Fáransé yí òfin ìdíje padà, wọ́n ní irú ìhámọ́ra mìíràn ni àwọn ń fẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ sì pa á tì bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré lọ kó òmíràn jọ. Wọn kò dán an, wọn kò fín ọnà sí i lára. Nítorí pé wọn kò dán an, ojú òòlù ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní, ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, ẹni tó bá sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lè tọ̀ ọ́ láti àyà lọ sí èjìká, kí ó mọ ibi tí ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó forí lé.